Ọkọ̀ Tó Yẹ Àgbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Ríra Mọ́tò Àlòkù fún Òbí

Àwọn baba wa ni wọ́n wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Láyé ìgbà tí wọ́n ń pa òwe náà, iṣu, aṣọ àti igi ìdáná ni ọmọ rere fi ń san oore fún ẹni tó bí i. Ṣùgbọ́n láyé òde òní, tí ọjà ti jìnnà sílé, tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ti kúrò níbi tí ẹsẹ̀ lè gbé arúgbó dé, tí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà ní òdì-kejì ìlú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti wọ inú ohun tí ọmọ fi ń tọ́jú òbí. Ìbáà ṣe Ìbàdàn mesi Ọ̀gọ̀, ìbáà ṣe Abẹ́òkúta ìlú abẹ́ Olúmọ, agbára káká ni ẹ ó fi rí àdúgbò kan tí kò ní bàbá tàbí ìyá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí ọmọ rẹ̀ fi mọ́tò ránṣẹ́ sí láti Èkó tàbí láti òkè òkun. Ohun iyì gbáà ni, ẹni tó bá sì rí i ṣe, kí ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Elédùmarè.

Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn mọ́tò wọ̀nyí ló jẹ́ pé ojú ọmọ ni wọ́n fi yàn wọ́n. Orúnkún òbí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná wọn lọ́jà. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọmọ rẹ̀ ra jíìpù gàgàrà kan fún, ọkọ̀ tó ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n bí ìyá bá fẹ́ wọ̀ ọ́, àfi kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé ìdáná kí ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gòkè. Nígbà tí mo kí i kú oríire ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Mọ́tò náà dára, Ọlọ́run yóò bùkún ẹni tó rà á. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ lọ sọ́jà, kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mo ń wọ̀. Òun kì í béèrè àpótí lọ́wọ́ mi.”

Ohun tó ń fa irú èyí kò ṣòroó mọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọkọ̀ pàápàá ní oríkì. Toyota Camry ti ọdún 2002 sí 2006 ni àwọn ará ọjà sọ ní “Big Daddy”, àwọn tó tẹ̀ lé e láti ọdún 2007 ni wọ́n ń kì ní “Muscle”, Honda Accord tó jáde ní 2003 sì gba orúkọ tó wú mi lórí jù, “End of Discussion”, bí ẹni pé nígbà tí a bá ti rí i, gbogbo ẹnu ti pa mọ́. Oríkì a máa mú orí ẹni wú, orí tó bá sì ti wú lọ́jà ọkọ̀, ojú rẹ̀ kì í ríran mọ́. Ìmọ̀ràn tèmi kò pọ̀: kí ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò àlòkù fún àgbà kọ́kọ́ wo ara àgbà náà, kí ó wo ọwọ́ mẹkáníìkì tó wà nítòsí ilé rẹ̀, lẹ́yìn èyí ni kí ó tó wá wo orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀. Ta ni í rán agbádá fún baba rẹ̀ láì kọ́kọ́ wọn èjìká rẹ̀?

Láti orí ìjókòó ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń jìyà ní ìdákẹ́jẹ́. Ọ̀dọ́ a ti ẹsẹ̀ kan bọ inú ọkọ̀, a sì ju ara rẹ̀ sí i. Àgbà tó ti lé ní ọdún 70 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ kọ sí ìjókòó, yóò fi ìdí lé e, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa gbé ẹsẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ìjókòó bá rẹlẹ̀ jù, ṣe ni yóò já bọ́ sínú rẹ̀, gbígbéra kúrò níbẹ̀ yóò sì di ìjàkadì. Bí ó bá sì ga jù, ọ̀rọ̀ ìyá alápòótí ni. Bí àgbà bá dúró tí ó kẹ̀yìn sí ìjókòó, kí etí ìjókòó náà ga ju ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ lọ ní ìwọ̀nba díẹ̀, èyí ni gíga tí ara rẹ̀ lè bá lò láì ké ìrora. Kí ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, kí òkè ẹnu ọ̀nà má sì rẹlẹ̀ débi tí yóò máa gbá a lórí, àgàgà ìyá tó bá wé gèlè lọ́jọ́ Sunday tàbí lọ́jọ́ ìnáwó. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ gèlè ṣeré, mo ti rí ìyá tó yọ tirẹ̀ sọ́wọ́ kí ó tó lè wọ ọkọ̀ tí wọ́n rà fún un. Kí ìjókòó tún lè sún síwájú sẹ́yìn, kí ó sì lè gbéra sókè, kí ẹni tí ọjọ́ orí ti sọ di kúkúrú má baà máa yọjú láàárín òbìrí sítíárìn.

Lẹ́yìn orúnkún, ojú ni ó kàn. Gíláàsì dúdú tí àwọn ọmọ ń fẹ́ràn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú bàìbàì. Yàtọ̀ sí pé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1991 kò fi àyè gba gíláàsì dúdú láì gba ìyọ̀ǹda, ó ń sọ ìrọ̀lẹ́ di òru fún àgbà. Iná iwájú ọkọ̀ àlòkù náà a máa pọ́n, a sì máa ṣú, nítorí pé ike ni wọ́n fi bò ó, oòrùn a sì máa jẹ ike. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe àìsàn ńlá, wọ́n lè fá a kí ó tún mọ́lẹ̀ padà, ẹ ṣáà rí i pé ẹ ṣe é kí ẹ tó fa kọ́kọ́rọ́ lé òbí lọ́wọ́. Ohun mìíràn wà tí àwọn ọmọ kì í ronú kàn: ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ni ó fi ń ka eré, bẹ́ẹ̀ kìlómítà ni àwọn àmì ojú pópó wa ń sọ. Bí abẹ́rẹ́ bá dúró lórí 50, kìlómítà 80 ni bàbá ń sá ní wákàtí kan, ó sì lè máa rò pé jẹ́jẹ́ ni òun ń lọ. Ẹ jókòó ti i, kí ẹ ṣàlàyé fún un.

Ní ti gíà, mo mọ̀ pé àwọn bàbá kan wà tí kò sí ohun tí ẹ lè sọ tí wọn yóò fi gbà pé ọkọ̀ “ọ́tò” ni ọkọ̀. Mánúà ni wọ́n fi kọ́ mọ́tò wíwà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi ọwọ́ pa gíà Peugeot 504 lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àmọ́ orúnkún òsì tó ti ń dun ni kò ní lè máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ọ́tò ni kí ẹ rà fún wọn. Ewu kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti mọ́ kílọ́ọ̀ṣì lára lè fi ẹsẹ̀ náà tẹ bíréèkì lójijì tàbí kí ó ṣi ibi tí yóò tẹ̀ mú. Kí ẹ mú un lọ sí pápá ilé-ìwé lọ́jọ́ tí kò sí ọmọdé níbẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan mọ̀ pé iṣẹ́ méjèèjì ti di tòun. Ọkọ̀ tó ń lo kọ́kọ́rọ́ tí à ń yí sàn ju èyí tó ń lo bọ́tìnì lọ. Mo ti gbọ́ ti àgbà tó sọ̀kalẹ̀, tó wọlé lọ sùn, tí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ oníbọ́tìnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ ní ìta láìmọ̀.

Àwọn tó ti dàgbà láàárín wa rántí pé kò sí abúlé kan láyé wọn tí wọn kì í ti í rí ẹni tó lè tún Peugeot 504 tàbí Volkswagen tí a sọ ní Ìjàpá ṣe. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa, Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Èkó, láàárín ìgbà díẹ̀ sì ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lábẹ́ igi ti mọ inú wọn dénú. Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn sí èyí dáadáa, nítorí pé àṣírí ọkọ̀ tí kì í já ni kulẹ̀ wà nínú rẹ̀. Peugeot kò ṣàìbàjẹ́. Ó ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó lè bàjẹ́ sí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní sí nítòsí, tí ohun èlò rẹ̀ kò sì ní sí ní ọjà. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ béèrè kì í ṣe èwo ni ọkọ̀ tó dára jù lọ láyé. Kí ó béèrè ọkọ̀ tí àwọn mẹkáníìkì ìlú tí òbí rẹ̀ ń gbé lè tú palẹ̀ kí wọ́n sì tò ó padà láì tẹ ẹnikẹ́ni láago ní Èkó.

Ibi tí a dé yìí, kí n yà díẹ̀ bá àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ibẹ̀ kò dé ilé fún wa. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, tí a ń rin ọwọ́ ọ̀tún ojú pópó, ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ bá sì wà ní apá ọ̀tún kò bá wa lọ mọ́. Àwọn kan ń gbé sítíárìn náà láti apá kan sí èkejì, wọ́n ń gé irin, wọ́n ń jó irin; bí ẹ bá fẹ́ràn ẹni tó bí yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jókòó sẹ́yìn irú sítíárìn bẹ́ẹ̀. Àwọn ti Amẹ́ríkà àti Kánádà lè fi ọkọ̀ ránṣẹ́. Ẹ̀yin ti Lọ́ńdọ̀nù, owó ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Èwo wá ni kí á rà? Bí wọ́n bá jí mi lóru láti bi mí, Toyota Corolla tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2008 ni ẹnu mi yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ kéré, lítà 1.8, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ṣéènì irin ni ó ń yí i nínú dípò bẹ́líìtì rọ́bà tí à ń pààrọ̀ kí ó tó já, gíà rẹ̀ kò ní ìdíjú, kò sì sí ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ẹ kò ti ní rí ẹni tó ti tú u tẹ́lẹ̀. Ohun èlò rẹ̀ kún Ládípọ̀ ní Múṣin, ó kún ọjà Àràròmí ní Agodi Gate ní Ìbàdàn, títí dé ẹsẹ̀ títì ní àwọn ìlú kéékèèké. Àbùkù tí ó ní ni pé ìjókòó rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, ibí yìí sì ni ìbátan rẹ̀, Toyota Matrix, ti wúlò. Ẹ́ńjìnì kan náà ni wọ́n jọ ń lò, ohun èlò kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ, ṣùgbọ́n òrùlé Matrix ga, ìjókòó rẹ̀ ga, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí gbàràgàdà débi pé àpò ìrẹsì tàbí kẹ̀kẹ́ aláìlera wọ inú rẹ̀ láìsí wàhálà. Ìbejì Matrix kan náà wà tó ń jẹ́ Pontiac Vibe, Kalifóníà ni wọ́n ti ń ṣe é, Matrix sì wá láti Ontario ní Kánádà. Nítorí pé àwọn ènìyàn kò mọ orúkọ Pontiac, a máa wọ́pọ̀ kí ó dín lówó, ẹni tó bá sì gbọ́n a rà á. Fún àgbà tó ń kérora ẹ̀yìn, Matrix ni mo máa ń fọwọ́ sí ṣáájú Corolla pàápàá.

Kì í ṣe gbogbo Corolla ni mo ń yìn o. Àwọn tí wọ́n ṣe láti 1998 títí dé 2002 a máa mu ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, nítorí àṣìṣe kan nínú bí wọ́n ṣe ṣe písítìnnì wọn. Bí àgbà tí kì í yẹ ọ́ìlì wò bá ń wà á, ẹ́ńjìnì lè gbẹ láìròtẹ́lẹ̀. Àwọn ti 2005 sí 2008 náà ní ẹjọ́ tiwọn: ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Toyota fúnra rẹ̀ kéde pé kí àwọn tó ni Corolla àti Matrix tó lé ní mílíọ̀nù kan ní Amẹ́ríkà àti Kánádà dá wọn padà wá fún àtúnṣe, nítorí àpótí kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnì, tó lè mú kí ọkọ̀ kọ̀ láti jí tàbí kí ó kú lójú pópó. A ti tún ọ̀pọ̀ ṣe, àwọn kan sì wà tí a kò tún ṣe, ẹ ó sì rí bí a ṣe ń mọ̀ níwájú.

Camry ọkọ̀ àpọ́nlé ni, ó gbòòrò, ó sì ń gba ẹ̀yìn tó ń dun. Ṣùgbọ́n àwọn “Muscle” ti 2007 sí 2009 tí ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ lítà 2.4 náà ti gba orúkọ ọ̀mu-ọ́ìlì, àwọn tí ẹ́ńjìnì wọn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà sì ń mu bẹntiróòlù ju bí owó ìfẹ̀yìntì ṣe lè gbé e lọ. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo, kò tún sí ẹni tó lè sọ pé epo kò kan òun mọ́. Honda Accord àti Civic ti bí ọdún 2000 sí 2004 ní ẹ́ńjìnì tó dára, àmọ́ gíà ọ́tò wọn kò lágbára tó ẹ́ńjìnì náà, èyí tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ló sì burú jù. Nissan tó ń lo irú gíà tí wọ́n ń pè ní CVT, láti 2007 wá, ni n kò ní rà fún àgbà, nítorí bí gíà náà bá kú, owó rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀. Ní ti àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá ti ilẹ̀ Jámánì, n kò ní í sọ púpọ̀: wọ́n dára, wọ́n wuyì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ni ó yẹ kí a kọ sí ẹnu ọ̀nà gbogbo ọjà ọkọ̀ láti Berger ní Èkó dé Kútọnu, nítorí níbẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ni wọ́n ti fọ̀, gbogbo táyà ni wọ́n ti fi nǹkan dúdú pa, òórùn lọ́fínńdà sì ti bo òórùn mìíràn mọ́lẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó kí ẹnikẹ́ni; bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, wọ́n ti jí ẹ́ńjìnì náà ṣáájú, ó sì ṣeé ṣe kí ìdí kan wà. Ẹ́ńjìnì tó tutù ni kì í lè purọ́. Bí wọ́n bá ṣí i, kí ọ̀kan nínú yín dúró sẹ́yìn: eéfín aláwọ̀ aró túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ń jóná, eéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo ń pọ̀jù, eéfín funfun tó nípọn tí kò tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ omi rédíétọ̀ tó ti ríbi wọ inú ẹ́ńjìnì. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí. Bí ẹ bá rí ohun tó funfun bí ògì níbẹ̀, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

Iwájú awakọ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ti pẹ́ jù. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì jí ẹ́ńjìnì, gbogbo iná kéékèèké tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn, ti ẹ́ńjìnì, ti bíréèkì, ti àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú jáde gba àyà ènìyàn nígbà ìjàm̀bá. Bí ẹ́ńjìnì bá wá jí, kí wọ́n kú. Èyí tó tàn tí kò kú ní àìsàn. Èyí tí kò tàn rárá ló burú jù, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí rewáyà kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà rí i. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti ní ìjàm̀bá ní òkè òkun ló dé ọ̀dọ̀ wa láìní àpò afẹ́fẹ́ náà mọ́, wọ́n á tẹ́ ike mìíràn sójú rẹ̀. Àpò náà gan-an ní ìtàn: àwọn tí ilé-iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe sínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, tí àwọn Honda ti 2001 sí 2003 sì léwu jù nínú wọn, ni wọ́n ti ń pè padà káàkiri ayé, nítorí pé kẹ́míkà inú wọn a máa bàjẹ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún nínú ooru àti ọ̀rinrin, tí yóò sì fi irin ṣá ẹni tó yẹ kí ó gbà là. Ooru àti ọ̀rinrin kò wọ́n ní ilẹ̀ wa.

Ohun tí a fi ń mọ ìtàn ọkọ̀ ni nọ́ńbà onílẹ́tà 17 tó wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní VIN. Ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú ní apá awakọ̀, ẹ ó sì tún rí i ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ má ṣe dúró gbọ́ àlàyé. Lẹ́tà tàbí nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é, J fún Japan, 1, 4 tàbí 5 fún Amẹ́ríkà, 2 fún Kánádà; èyí tó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀, 5 fún 2005, 8 fún 2008, A fún 2010. Nítorí náà, alágbàtà tó bá sọ fún yín pé 2008 ni ọkọ̀ tí ipò kẹwàá rẹ̀ jẹ́ 4, ẹ mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè tẹ nọ́ńbà náà sí ojúlé NHTSA, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, láti mọ̀ bóyá ìpepadà kan wà tí wọn kò tíì tún ṣe lára ọkọ̀ náà, kò sì ní san kọ́bọ̀.

Omi náà ti ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn ìjì ńlá bíi Katrina ti 2005 àti Harvey ti 2017 ní Amẹ́ríkà, ọ̀kẹ́ àìmọye mọ́tò ni omi bò mọ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò a san owó fún ẹni tó ni ín, wọn a sì ta ọkọ̀ náà ní gbàǹjo. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí rẹ̀, omi a máa fi ìlà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó fún ìpatà, àti ihò táyà ẹ̀yìn fún ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ lè rìn fún oṣù mélòó kan láì ṣe nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni wáyà rẹ̀ yóò máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì sí rewáyà tó lè mọ òpin rẹ̀.

Àwọn ohun yòókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Máìlì tó wà lójú ọkọ̀ ṣeé dá padà, rọ́bà ojú bíréèkì tó ti jẹ tán kò ṣeé dá padà. Ẹ gba rọ́bà gbọ́. Lára táyà ni nọ́ńbà mẹ́rin kan wà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019, bí ó bá sì ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ ka owó táyà tuntun mọ́ owó ọkọ̀. Ẹ wà á gun òkè, kí ẹ wà á lójú ọ̀nà tó ní kòtò, kí ẹ sì tẹ́tí sí bí gíà ṣe ń pààrọ̀. Bí ó bá ń ta bí ìbákasíẹ̀, kí wọ́n máa bá a ṣe tiwọn.

Mẹkáníìkì wo ni yóò bá yín lọ? Kì í ṣe èyí tó ń jókòó sí ọjà náà, tí alágbàtà bá yín pè, nítorí ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn lè fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Mẹkáníìkì tí yóò máa tún ọkọ̀ náà ṣe ní ìlú òbí yín ni kí ẹ san owó ọkọ̀ fún, kí ó wá, kí ẹ fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀ yálà ẹ rà á tàbí ẹ kò rà á. Òun ló mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni wọ́n ń wọ́ ọkọ̀ náà wá bí ó bá kú, kò sì ní fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà padà sí òun lọ́rùn. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹni tí a fẹ́ rà á fún wá jókòó sínú rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Bí àìlera kò bá jẹ́ kí ó wá, kí ẹ wọn gíga ìjókòó ọkọ̀ tí ó ń wọ̀ láìsí ìnira, kódà bó jẹ́ ti aládùúgbò, kí ẹ sì gbé ìwọ̀n náà lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé tọ́kunbọ̀ ni gbogbo ọgbọ́n, pé ọkọ̀ tí a ti lò ní Nàìjíríà kò ní láárí mọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Corolla tí olùkọ́ yunifásítì kan wà fún ọdún mẹ́wàá láàárín ilé àti ọgbà ilé-ìwé, tí ẹ mọ ẹni tó ń tún un ṣe, tí ìwé rẹ̀ pé, tí ẹ sì mọ ìdí tí ó fi ń tà á, sàn ju tọ́kunbọ̀ tí ìtàn rẹ̀ parí sí èbúté. Tọ́kunbọ̀ ń dán, ṣùgbọ́n a kò bá a gbé. Kí ẹ béèrè láàárín ìjọ, láàárín ẹgbẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tí ọkọ wọn ti kú tí ọkọ̀ sì dúró lásán ní àgbàlá, kí ẹ tó kọjá sí ọjà.

Ìwé rẹ̀ ńkọ́? Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de gbígba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ mú ọkọ̀ wọlé, nítorí náà, ọkọ̀ tó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé láti Kútọnu láìní ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tó dájú lè di ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ arúgbó ní ojú títì. Kí ìwé ọkọ̀ wà ní orúkọ òbí. Adójútòfò tó kéré jù, tí owó rẹ̀ gòkè di ₦15,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kò ṣeé yọ sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe ná gbogbo owó yín tán sórí ọkọ̀: kí ìdá kan nínú márùn-ún dúró fún táyà, bátìrì, bíréèkì, àti àwọn àìsàn tí ọkọ̀ àlòkù kì í sọ títí yóò fi dé ilé. Ẹni tó ní owó Camry ni kí ó ra Corolla, ẹni tó ní owó Corolla ni kí ó wá èyí tó dàgbà díẹ̀ jù ú lọ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ le.

Bí ọkọ̀ bá délé, mo rọ ọmọ kí ó dúró ti òbí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó jẹ́ kí òbí wà á lọ sí àwọn ibi tí ó ń lọ gan-an, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí òru: àgbà tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú bá ń fọ́ lójú, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni kí ọkọ̀ rẹ̀ ti wọlé, bí ìrìn àjò bá sì jìn, kí wọ́n gba awakọ̀. Ọkọ̀ àgbà kì í sábà jáde, ìdí nìyẹn tí bátìrì rẹ̀ fi máa ń kú ju ti ọ̀dọ́ lọ. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹnì kan wà á fún ìdajì wákàtí. Kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ní kìlómítà 5,000 sí 5,000, tàbí ní oṣù mẹ́fà bí kò bá rìn tó bẹ́ẹ̀, kí ọmọ-ọmọ kan nínú ilé sì kọ́ bí a ṣe ń fa irin ìwọn-ọ́ìlì yọ, tí a ń nù ún, tí a ń tì í bọ̀ ọ́ padà kí a tó kà á, kí ó máa ṣe é ní gbogbo òwúrọ̀ Saturday kí ẹ́ńjìnì tó gbóná.